Sánmà Tó Lẹ̀ Mọ́ Ìwé Ìròyìn

Ọjọ́ tí akunlé náà kọ́kọ́ fojú kan obìnrin yẹn, àtakò ló fi kí i. Wọ́n ní kó wá kun ògiri yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, níbi tí obìnrin náà ti ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní àwòrán kíkùn nírọ̀lẹ́. Akunlé gbé àkàbà àti garawa ọ̀dà rẹ̀ gòkè, ló bá bá tíṣà níwájú kánfáàsì kan tó fi ọ̀dà funfun pa fẹ́ẹ́rẹ́. Ọ̀dà funfun ò tíì gbẹ, tíṣà ti kó búlúù lé e. Búlúù ò tíì jókòó, ó ti fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ tẹ́ àwọ̀ òkè lé búlúù lórí.

Akunlé ò lè mú un mọ́ra. Òfin kan ni ọ̀gá rẹ̀ fi kọ́ ọ níṣẹ́, òun náà ló sì fi ń jẹun látìgbà náà: ohun tí o bá kùn, tí kò bá tíì gbẹ, má fọwọ́ kàn án.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà," ó ní, "ẹ jẹ́ ó gbẹ."

Obìnrin náà ò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. "Tó bá ti gbẹ, ẹ̀pa ò bóró mọ́ nìyẹn. Ẹ sún mọ́bí, ẹ wá wò ó."

Ó sún mọ́ ọn. Lójú rẹ̀ ni tíṣà fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá ẹsẹ̀ òkè náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tí ìkùukùu sì bo ibẹ̀ bí ìgbà tí ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́. Ó fa àwọ̀ kan náà wálẹ̀, ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a lọ síbùú lẹ́ẹ̀kan, òkè bá di méjì, ọ̀kan lórí ilẹ̀, ọ̀kan nínú omi. Akunlé gbé garawa rẹ̀ kalẹ̀. Kò mọ̀ pé ẹnu òun là sílẹ̀.

Tíṣà wá là á yé e pé ọ̀dà olóròóró ni eléyìí, kì í ṣe ọ̀dà ògiri, ó lè pé oṣù kó tó gbẹ. Orí ọ̀dà tútù lèèyàn ń kó ọ̀dà tútù lé. Tìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ ki, tòkè gbọ́dọ̀ rọ̀ jù ú lọ, ọwọ́ sì gbọ́dọ̀ fúyẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo rẹ̀ á dẹrẹ̀.

Yàrá tó yẹ kí akunlé kùn tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó ń bá a yí. Bí wọ́n bá bi í, á ní ọ̀dà àkọ́kọ́ ò tíì gbẹ. Tíṣà ti fọwọ́ kan ògiri náà, ó sì mọ̀ pé ó ti gbẹ bí egungun. Kò sọ ọ́. Ó kàn sọ ọkùnrin náà ní Jẹ́-Ó-Gbẹ, orúkọ ọ̀hún sì mọ́ ọn lára. Nígbà tí ògiri wá parí, tí kò sí àwáwí mọ́, Jẹ́-Ó-Gbẹ forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì. Òkè tó kọ́kọ́ kùn dà bí àgbò tó dùbúlẹ̀. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì padà wá lọ́jọ́ kejì.

Ìfẹ́ wọ̀ ọ́ lára, kò mọ bí yóò ṣe sọ ọ́. Títí ọjọ́ kan, táwọn yòókù ti lọ, táwọn méjèèjì jọ ń fọ búrọ́ọ̀ṣì nínú tínà. Tíṣà gbá búrọ́ọ̀ṣì mọ́ ẹsẹ̀ àga, omi búlúù ta sí Jẹ́-Ó-Gbẹ láyà.

"Ìgbà wo lẹ fẹ́ sọ ohun tó wà nínú yín?" obìnrin náà bi í. "Àbí ẹ ń dúró kó gbẹ ni?"

Ọkùnrin náà wo búlúù tó wà láyà rẹ̀. "Mo nífẹ̀ẹ́ yín, Tíṣà."

"Ta ni yín? Èmi kan ṣoṣo ni mo wà níbí."

"Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," tíṣà wí, inú rẹ̀ sì dùn débi pé búrọ́ọ̀ṣì kan náà ló fọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó dé, ìyá Jẹ́-Ó-Gbẹ ò béèrè ohunkóhun. Ó ti pẹ́ tó ti ń wojú ọ̀nà. Ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí obìnrin ni iṣẹ́ wà. Ẹ̀gbọ́n tíṣà ní àbúrò òun ò lè kàwé tó báyẹn kó wá lọ fẹ́ akunlé, ẹni tí ọ̀dà ń bẹ ní èékánná rẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi. Tíṣà na ọwọ́ tirẹ̀ náà sí i pé kó wò ó. Búlúù àti àwọ̀ ewé ló kún èékánná òun náà. Ẹ̀gbọ́n pòṣé.

Àmọ́ bàbá wọn lẹni tó le. Yàrá ẹrù ní ibùdókọ̀ rélùwéè ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì, kò sì gbà pé a lè mọ èèyàn nípa ohun mìíràn ju bó ṣe ń gbé ẹrù ẹlòmíràn lọ. Ọkùnrin méjì ti wá tọrọ tíṣà rí. Ọ̀kan wọ́ àpótí bàbá nílẹ̀. Èkejì gbé aago bàbá, ó da ojú rẹ̀ dé sórí tábìlì. Bàbá ní kí wọ́n máa lọ ní àlàáfíà. Láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú, bàbá yìí ló ń ṣe ìyá ṣe bàbá fún tíṣà, tíṣà sì ti pinnu pé òun ò ní wọlé ọkọ tí inú bàbá ò bá dùn sí.

Ojú bàbá ti ń ṣú. Ohun tó máa ń sọ ni pé òun ì bá rí odò abúlé tí wọ́n bí òun sí lẹ́ẹ̀kan sí i, pẹ̀lú òkè tó wà lẹ́yìn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ ò lè rìnnà mọ́. Tíṣà bá jókòó lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó fi ìtàn ẹnu bàbá kun odò náà, ó kun ún tán ní ìjókòó kan. Ó ní òun á ti ṣáájú lọ sílé bàbá, kí Jẹ́-Ó-Gbẹ gbé àwòrán náà bọ̀ lọ́jọ́ kejì, kó fi ṣe ohun àmúwọlé.

"Bí bàbá bá kọ̀, n ò mọ ohun tí màá ṣe, àyànfẹ́ mi," ó wí. "Jọ̀ọ́, gbé e dáadáa."

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ó rò pé ọkùnrin náà mọ̀ pé ọ̀dà náà ò tíì gbẹ. Òótọ́ ni, orí rẹ̀ mọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni kò mọ̀. Ní kíláàsì, orí pákó gíga ni àwòrán máa ń wà títí yóò fi gbẹ, kò gbé ọ̀kan jáde rí. Ẹni tó ti ń kunlé látọjọ́ pípẹ́ gbà pé ọ̀dà tó bá sùn mọ́jú ti gbẹ, ìbẹ̀rù bàbá àna sì ti gba ìyókù lọ́kàn rẹ̀. Ó fi ìwé ìròyìn dì í, ó tún fi òmíràn lé e, ó fi okùn dè é gírígírí. Nínú ọkọ̀, ó gbá a mọ́ra bí ọmọ ọwọ́.

Ìgbà tó sọ̀ kalẹ̀ ló rí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó ti di búlúù. Ọ̀dà ti la ìwé ìròyìn kọjá.

Ó dúró ní igun títì bí òpó iná. Ó lè yíjú padà kó ní ara òun ò yá. Ó lè gbé e sílẹ̀ fún wọn ní dídì, kó sì wá ohun kan tó ń kánjú lọ ṣe. Ara rẹ̀ kọ méjèèjì. Ó kanlẹ̀kùn.

Bàbá ti jókòó, ojú rẹ̀ wà lára ẹrù. Ó wo bí ọkùnrin náà ṣe yẹra fún òpó ilẹ̀kùn, bó ṣe fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́, bó ṣe gbé ẹrù náà kalẹ̀ sórí tábìlì bí ẹni gbé ẹyin. Bàbá mi orí. Ó yíjú sí àwọn ọmọ rẹ̀.

"Ẹni tó mọ ẹrù gbé rèé," ó ní.

Ojú tíṣà kún fún ayọ̀. Jẹ́-Ó-Gbẹ dọ̀bálẹ̀.

"Bàbá, ẹ má tíì yìn mí. Mo ti bà á jẹ́."

Ẹ̀gbọ́n ní ṣé òun ò sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá ní kó tú u. Ìwé ìròyìn ń bó, sánmà ń tẹ̀ lé e lọ. Òkè ti fẹ̀ bí ẹni jókòó sórí rẹ̀, lẹ́tà ìpolówó ọjà bàtà sì hàn gedegbe lórí odò, wọ́n kọjú sódì.

Tíṣà fi ìka kan ojú àwòrán náà.

"Kò tíì gbẹ," ó ní.

"Mo mọ̀," ọkùnrin náà dáhùn, orí rẹ̀ wà nílẹ̀. "Ẹ̀bi mi ni."

"Mo ní kò tíì gbẹ. Dìde. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá wa mú ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wá ní kíṣìnnì. Búrọ́ọ̀ṣì rẹ dà?"

Búrọ́ọ̀ṣì akunlé kì í kúrò lápò ẹ̀yìn rẹ̀, fífẹ̀, mímọ́, gbígbẹ. Tíṣà ń fi ọ̀bẹ ha sánmà kúrò lára ìwé ìròyìn, ó ń dá a padà sáyè rẹ̀. Jẹ́-Ó-Gbẹ ń tẹ̀ lé e, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a wẹ́rẹ́, ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Nígbà tó yá, bàbá fa àga rẹ̀ sún mọ́ wọn. Ó ní odò ò yà síbẹ̀ yẹn, apá òsì ló yà sí. Wọ́n yà á sósì. Ẹ̀gbọ́n dúró lẹ́yìn, ó dijú mọ́rí, títí tóun náà fi sọ pé igi yẹn ti ga jù.

Àmọ́ tàdáwà ìwé ìròyìn ti wọnú búlúù, sánmà wá rí bí eérú. Tíṣà mí kanlẹ̀, ó ní òun ò mú búlúù tó mọ́ wá sílé.

"Fi í sílẹ̀," bàbá wí. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Bó ṣe máa ń rí gan-an nìyẹn. Bíi pé òjò ń bọ̀, kò sì ní í dé."

Ó pẹ́ tó fi ń wò ó. Ó wá yíjú sí ọkùnrin náà. Ó ní gbogbo ìgbà tóun fi wà nídìí ẹrù, ẹni tó bá fọ́ nǹkan onínǹkan, ńṣe ló máa ń dì í padà dáadáa, táá sì yára lọ. Kò sẹ́ni tó sọ fún òun rí kóun tó tú u.

"Ìgbà wo lẹ fẹ́ ṣe ìgbéyàwó náà?" ó bi í.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká ṣe é ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí nǹkan kọ́kọ́..."

Tíṣà tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Oṣù tó ń bọ̀, sà," Jẹ́-Ó-Gbẹ wí.

Nílé bàbá náà ni wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó. Àwòrán ti wà lára ògiri nígbà náà, bàbá sì gbé àga sábẹ́ rẹ̀ látàárọ̀, ó ń lé àwọn àlejò sẹ́yìn pé kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Igun ìsàlẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí tíṣà fẹ́ kùn bò, níbi tí lẹ́tà bàtà ṣì hàn sódì. Bàbá kọ̀ ọ́. Ó ní kí wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀ fún òun.

Ó ti pẹ́ tí bàbá ti kú. Ilé ọmọ rẹ̀ ni àwòrán náà wà báyìí, ó ti le bí àwo. Tí ọ̀rọ̀ bá ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì, ọkọ ò yí padà: á dákẹ́, á jókòó jẹ́ẹ́, á máa dúró kí inú gbẹ. Ìyàwó rẹ̀ kì í jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀. Á wá gbá a léjìká.

"Olówó orí mi, kò tíì gbẹ o."

Ọkùnrin náà á gbójú sókè wo sánmà eérú yẹn, ẹ̀rín á sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀.