Bí Fóònù Bá Gòkè, Ọrùn Ajá Ló Ń Fún

"Jẹ́ńsinmi, ó yá o! Ilẹ̀ ti mọ́."

Bàbá Télọ̀ mi okùn ajá lẹ́nu ọ̀nà. Tẹ́lẹ̀ rí, bí okùn yìí bá ti dún báyìí, Jẹ́ńsinmi á ti sáré dé, á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e ṣubú. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí, abẹ́ tábìlì ìránṣọ ló wọ̀ lọ. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì gbé àgbọ̀n lélẹ̀.

"Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tó ti ń ṣe báyìí," ìyàwó rẹ̀ ní. "Bàbá wọn, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Àbí ẹ fẹ́ kó kú mọ́ wa lọ́wọ́ ni?"

"Ara àgbà ni," Bàbá Télọ̀ dáhùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà korò lẹ́nu rẹ̀. Ọdún kẹsàn-án rèé tí òun àti ajá yìí ti jọ ń rìn láràárọ̀. Kò tíì ṣetán láti máa dá rìn.

Dókítà ẹran náà, ọ̀dọ́bìnrin kan tó máa ń bá ẹran sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ sọ̀rọ̀, gbọ́ àyà Jẹ́ńsinmi. Àyà mọ́. Ó la ẹnu rẹ̀ wò. Ó tú irun ọrùn rẹ̀. Lábẹ́ bẹ́líìtì ọrùn, irun ti re, awọ ibẹ̀ sì ti pọ́n.

"Bàbá, ṣé ajá yín máa ń fa okùn bí ẹ bá jáde?"

"Rárá o! Kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi."

"Ta ló wá ń fà á?"

Bàbá Télọ̀ wo okùn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọwọ́ wo lẹ fi ń di okùn mú?"

"Ọ̀tún."

"Fóònù ńkọ́?"

"Ọ̀tún náà ni. Òsì mi ò mọ̀ ọ́n tẹ̀. Àwọn oníbàárà máa ń fi àwòrán aṣọ ránṣẹ́ láàárọ̀, mo sì máa ń dá wọn lóhùn bí a bá ti ń lọ."

Dókítà tú okùn lọ́rùn ajá, ó so ó mọ́ ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì lóṣòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá Télọ̀. "Ó yá, èmi ni Jẹ́ńsinmi. Ẹ dá oníbàárà lóhùn."

"Háà! Dókítà, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́."

"Ajá kì í sọ̀rọ̀, Bàbá. Ẹ tẹ fóònù yín."

Bàbá Télọ̀ rẹ́rìn-ín, ó gbé fóònù sókè kó lè rí i kà. Bó ti gbé e, okùn le, ọwọ́ dókítà sì fò sókè. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ọwọ́ náà sọ̀kalẹ̀. Ó tún gbé e, ọwọ́ tún gòkè, gẹ́gẹ́ bí abẹ́rẹ́ maṣíìnì ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ bí ẹsẹ̀ bá ń tẹ̀ ẹ́ nísàlẹ̀.

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Ṣé èmi ni mo ń fún un lọ́rùn?"

"Ẹ ò mọ̀ọ́mọ̀. Ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ló wú, òun ló ń fa ikọ́. Oògùn á wò ó. Ẹ jẹ́ ká fi okùn tó ń gba àyà rọ́pò èyí tó wà lọ́rùn. Ṣùgbọ́n fóònù yẹn, ẹ fi sílé."

Nígbà tí oògùn pé ọjọ́ mẹ́wàá, ikọ́ lọ. Bàbá Télọ̀ ti fóònù mọ́ inú dúrọ́ọ̀, wọ́n sì jáde. Kò pẹ́, Jẹ́ńsinmi dúró, ó gbójú sókè wò ó.

"Kí ló dé?"

Kò sí nǹkan kan. Ajá tẹ̀ síwájú. Lẹ́yìn ìṣísẹ̀ díẹ̀, ó tún gbójú sókè. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yé Bàbá Télọ̀: ajá ń yẹ ojú ọ̀gá rẹ̀ wò bóyá ó ń wo òun ni. Láti ọjọ́ wo ló ti ń wòkè báyìí, tó jẹ́ pé ẹ̀yìn fóònù ló ń rí?

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà, ó fọwọ́ pa á lórí. "Mo ń wò ọ́, ọ̀rẹ́ mi. Má bínú."

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ajá, bí ẹ bá ti mú okùn, ẹ fi fóònù sílẹ̀, tàbí kí ẹ pa ohùn rẹ̀, kí ẹ tì í bọ àpò. Bó bá di dandan kí ẹ dáhùn, ẹ dúró ná, kí ẹ dẹ okùn. Ẹ máa wo bó ṣe ń gbẹ́sẹ̀, bó ṣe ń mí, ibi tó ti ń lọ́ra: ibẹ̀ ni ẹ ó ti tètè mọ̀ bí ara rẹ̀ kò bá yá. Bó bá wúkọ́ tàbí tó kọ̀ láti jáde, ẹ má sọ pé ogbó ni, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran.

Ẹ jẹ́ kó bá ojú yín níbẹ̀ nígbà tó bá wòkè.