Kámẹ́rà Tó Ń Fi Ojú Ẹni Han Ẹni

Fótò àkọ́kọ́ ti parẹ́ kí àáfà tó jókòó sórí ẹní. Àlàájà Bàlíkísù, ìyá bàbá ọmọ tuntun, ló ní kí wọ́n pa á rẹ́. Ó gba kámẹ́rà lọ́wọ́ Ràódátù, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó ní arúgbó tó wà nínú rẹ̀ yẹn kì í ṣe òun, àbúrò òun tó ń ṣàìsàn ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni.

"Pa á rẹ́, ọmọ mi," ló wí. Ràódátù kúnlẹ̀, ó sì pa á rẹ́.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Ràódátù. Bàbá rẹ̀, Ìdrìsù Àkànní, ní ṣọ́ọ̀bù fótò kan ní Yantala, àdúgbò kan ní Niamey, kámẹ́rà onífíìmù ló sì fi ń jẹun láti ìgbà àpọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2005 yìí, àwọn tó ní kámẹ́rà tí kì í lo fíìmù, èyí tí ará Niamey ń pè ní nímérìkì, ti ń gba oníbàárà mọ́ ọn lọ́wọ́. Tọ̀sán-tòru ni Ràódátù fi ń wí i sí i létí. Ó ní fíìmù kan kò ju fótò mẹ́rìndínlógójì lọ. Èèyàn á rà á, á fọ̀ ọ́, á tún tẹ̀ ẹ́ jáde, èyí tó bá sì bàjẹ́ nínú rẹ̀ ti jẹ owó gbé. Ṣùgbọ́n èèyàn lè fi nímérìkì ya ẹgbẹ̀rún, kó má ná an ní kọ́bọ̀.

Bàbá rẹ̀ ní òun kò tíì rí iṣẹ́ tí kì í jẹ owó láyé yìí. Síbẹ̀, ó yá nímérìkì kan lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan ní Harobanda tó fẹ́ tà á. Ó ní bí Ràódátù bá fi ya ìkómọ ilé Àbdùlsàlàm tó dára, òun á rà á. Bí kò bá dára, òun á dá a padà, kí ẹnikẹ́ni má sì dárúkọ nímérìkì nílé òun mọ́. Ó wá kìlọ̀ fún un pé kó má fi fótò kankan han ẹnikẹ́ni kó tó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, nítorí kò sí ẹni tí ojú ara rẹ̀ tẹ́ lọ́rùn. Ràódátù ní òun ti gbọ́. Etí ló gbọ́ ọ, ọkàn kò sí níbẹ̀.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe kékeré. Agadez ni Àbdùlsàlàm, bàbá ọmọ tuntun, ti ń ta aṣọ, kò sì rí àyè wá. Ọjọ́ kẹjọ kì í dúró de ẹnikẹ́ni, nítorí náà wọ́n ní kí wọ́n sọ ọmọ lórúkọ láìsí bàbá rẹ̀, kí wọ́n sì fi fótò ránṣẹ́ sí i. Àkọ́bí rẹ̀ ni, ọdún kẹfà sì nìyẹn tó ti gbé Zàlìhà níyàwó. Inú fótò nìkan ló ti máa rí ojú ọmọ rẹ̀ títí di Iléyá.

Ṣé Ràódátù rántí èyí? Kó tó ya fótò tán ló ti ń yí ẹ̀yìn kámẹ́rà sí àwọn obìnrin. Wọ́n á pé bò ó, wọ́n á máa kì í pé ọmọ Àkànní ti di òyìnbó, inú rẹ̀ á sì máa dùn. Lẹ́yìn náà ni ẹjọ́ á bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan ní imú òun ti tóbi jù, òmíràn ní òun la ẹnu sílẹ̀. Àáfà pàápàá ní bí òun ṣe di ojú yẹn, wọ́n á ní òun sùn nídìí àdúrà. Nínú fótò tí wọ́n ti gbé ọmọ, obìnrin mẹ́rin tàbí márùn-ún ló máa ń wà níbẹ̀. Bó bá tẹ́ mẹ́rin lọ́rùn, ìkarùn-ún á ní kí wọ́n pa á rẹ́. Ọmọ tó gbẹ̀kọ́ kì í sì í sọ fún àgbà pé rárá. Gbogbo wọn ní wọ́n á ya òmíràn. Oúnjẹ dé, ọmọ sùn, bátìrì sì kú, nítorí wíwò ni wọ́n fi tán an.

Lọ́jọ́ kejì, Ràódátù gbé káàdì kámẹ́rà lọ síbi tí wọ́n ti ń tẹ fótò. Ọmọkùnrin tó ń tẹ̀ ẹ́ bi í léèrè pé ṣé ọjà ẹran ni wọ́n ti rán an wá. Àgbò ìkómọ ló kún inú rẹ̀, èyí tí Ràódátù fi dán kámẹ́rà wò láàárọ̀: àgbò lórí ìdúró, àgbò lórí ìjókòó, àgbò tó yíjú sẹ́yìn. Àgbò nìkan ni kò ní kí wọ́n fi ojú òun han òun. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà pọ̀ nílé yẹn o, orí ọmọ tuntun kò sì sí nínú fótò kankan.

Bó ti ń padà bọ̀, ó ń to irọ́ jọ. Á ní ẹ̀rọ ló gbé àwòrán mì. Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù, ó bá Àlàájà Bàlíkísù níbẹ̀ tó wá gba fótò, bọ́ọ̀sì Agadez tó máa gbé e lọ ti fẹ́ gbéra. Irọ́ náà ti dé ètè rẹ̀ kó tó rí ojú bàbá rẹ̀.

"Kámẹ́rà kò ṣe nǹkan kan," ló wí. "Èmi ni mo pa wọ́n rẹ́. Ẹni tó bá ti ní kí n pa á, mo ń pa á."

Àlàájà ló kúkú ṣáájú wọn. Ó ní kí wọ́n fi ti àgbò ránṣẹ́ ná, kí ọmọ òun lè rí i pé owó rẹ̀ kò ṣòfò.

Nígbà tí àpòòwé dé ọ̀hún, Àbdùlsàlàm pe ṣọ́ọ̀bù.

"Àgbò yẹn dára o, Ràódátù. Èwo nínú wọn ló wá jọ mí?"

Ràódátù fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Àbdùlsàlàm kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti pe àwọn oníṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ òun jọ láti wá wo ọmọ òun, ìṣojú wọn ni òun ti já àpòòwé náà. Ojú ti Ràódátù, ó sì sunkún gidigidi.

Bàbá rẹ̀ kò lù ú. Ó fi kámẹ́rà onífíìmù kọ́ ọ lọ́rùn, ó ní kó padà sílé ọmọ tuntun ní Poudrière.

"Papa, mo fẹ́ bọ̀wọ̀ fún wọn ni."

"Irọ́ ni. Ìyìn wọn ló ń dùn mọ́ ọ. Ta ló kọ́kọ́ ní kí o fi hàn wọ́n?"

Ràódátù gbé kámẹ́rà náà, ó padà lọ sílé ọmọ. Àáfà kò lè sọ ọmọ kan lórúkọ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà ìyẹn ti lọ ráúráú. Ṣùgbọ́n ọmọ ṣì wà níbẹ̀. Àlàájà gba kámẹ́rà, ó yí i wò, dúdú lásán ló rí. Ó bèèrè ìgbà tí òun á rí ara òun. Ràódátù kúnlẹ̀, ó ní kí wọ́n má bínú, bàbá ọmọ ló máa kọ́kọ́ rí i. Nígbà tí kò sí ohun tí wọ́n á bá jà, wọ́n gbé ọmọ dáadáa, wọ́n kọjú síwájú. Ọmọ sín, Àlàájà bú sẹ́rìn-ín, ó la ẹnu débi tí gbogbo eyín tó kù sí i lẹ́nu fi hàn. Ràódátù yà á.

Fótò yẹn gan-an ni Àbdùlsàlàm fi sínú férémù. Ó pè láti Agadez, ó ní òun rí ìyá òun, òun rí ọmọ òun, kò sí èyí tó burẹ́wà nínú wọn.

Àkànní padà ra nímérìkì náà, nítorí owó fíìmù ti fẹ́ fún un lọ́rùn pa lóòótọ́. Ó kọ́kọ́ lẹ plásítà mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí àwòrán ti ń hàn kó tó fi lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà tó ṣe, ó ní kó ṣí i kúrò, nítorí Ràódátù ti mọ̀ báyìí pé iṣẹ́ oníṣẹ́ kì í ṣe ohun tí a fi ń wá ìyìn, àti pé èèyàn lè kúnlẹ̀ kí àgbà, kó sì wà lórí ìkúnlẹ̀ náà sọ fún wọn pé rárá.