Àga Iwájú Tí Bala Jókòó Sí

Nígbà tí Bala jáde nínú ẹ̀rọ agbéniròkè ní àjà kẹsàn-án ilé wa ní Toa Payoh, ní Singapore, ìyá àgbà aládùúgbò wa tí à ń pè ní Ah Ma Goh ló kọ́kọ́ pàdé. Kíá ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ìyá arúgbó náà, bí wọ́n ṣe ń kí àgbà lábúlé wọn ní Íńdíà. Ará Ṣáínà ni Ah Ma, ẹnikẹ́ni ò kí i bẹ́ẹ̀ rí. Ó kọ́kọ́ fà sẹ́yìn, lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín, ó sì bi Kathir, ọmọ ilé wa tó mú Bala wá, ní Hokkien, èdè àwọn Ṣáínà kan, pé ọmọ ta ni èyí tó ní ẹ̀kọ́ ilé tó báyìí.

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, Ah Ma," ni Kathir dáhùn. Ojú ń tì í, nítorí Faris ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, ó fọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín.

Bala ju Kathir lọ ní oṣù díẹ̀. Ó yẹ kí Kathir máa pè é ní Anna, bí àwa Tamil, ẹ̀yà tó wá láti Íńdíà, ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, ṣùgbọ́n kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Bàbá Bala ti kú. Ìyá rẹ̀ ta ilẹ̀ tó kù fún wọn kí ọmọ náà lè wá kàwé níbí, ilé-ìwé kan sì ti gbà á. Ibi tí yóò máa sùn nìkan ló kù. Yàrá méjì péré ni àwọn òbí Kathir ní, inú rẹ̀ sì ti kún; ìgbà díẹ̀ péré ni wọ́n lè fún Bala láyè síbẹ̀. Ah Ma ló ní kó wá máa gbé yàrá tí ọkọ òun fi sílẹ̀, kó ṣáà jẹ́ kí oṣù keje àwọn Ṣáínà parí, nítorí wọn kì í kó wọ ilé tuntun nínú oṣù tí òkú ń jáde wá kí ayé.

Ta ló mọ Ah Ma tó Kathir? Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti ń jẹun láti kékeré tí àwọn òbí rẹ̀ bá lọ síbi iṣẹ́. Nítorí rẹ̀ ni ẹran màlúù ò fi wọ ìkòkò Ah Ma mọ́, torí ẹlẹ́sìn Híńdù bíi tirẹ̀ kì í jẹ ẹ́. Ẹnu Ah Ma náà ló ti gbọ́ Hokkien, ó sì ń sọ ọ́ dáadáa ju ọ̀pọ̀ ọmọ Ṣáínà ilé wa lọ. Tamil nìkan ni Bala gbọ́. Ohunkóhun tí òun àti ìyá yìí bá fẹ́ bá ara wọn sọ, Kathir ni yóò túmọ̀ rẹ̀.

Wọ́n ní kí Kathir mú àlejò mọ ìlú. Ó mú un kiri lóòótọ́, ṣùgbọ́n iwájú ló ń rìn, kí ará ìlú má baà mọ̀ pé wọ́n jọ jáde ni. Faris ti sọ Bala ní Olórí-òróró nítorí òróró tó ń fi sírun, Kathir sì ń bá òun àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn yòókù fi í ṣẹ̀fẹ̀.

Nígbà tó yá, wọ́n kan pèpéle orin oṣù keje sí pápá iwájú ilé wa. Àwọn òkú ló ni ìlà àga pupa tó wà níwájú pátápátá. Ṣáínà, Malay, Tamil, kò sí ọmọ ilé wa tí kò mọ̀ pé a kì í jókòó síbẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn, Ah Ma pe Kathir. Ọkọ rẹ̀ kú lọ́dún tó kọjá, ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò padà wá nìyí.

"Àga àárín ló máa jókòó sí," ni Ah Ma wí. "Bá mi sọ fún àlejò wa o. Kò lè mọ̀."

Kathir ní òun ti gbọ́.

Nígbà tí orin bẹ̀rẹ̀ nírọ̀lẹ́, èrò kún, Bala ò ríbi jókòó sí. Faris fi ìgúnpá gún Kathir. "Ní kó lọ síwájú, ká wò ó. Àbí ò ń bẹ̀rù? Ṣé ẹ̀gbọ́n ẹ ni?"

Kathir wo Faris, ó wo àwọn tó kù tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín. Ó wá sọ fún Bala ní Tamil pé àlejò ni wọ́n fi àwọn àga iwájú sílẹ̀ fún, kó lọ jókòó sí èyí tó wà láàárín. Bala dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lọ jókòó, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, ó ń rẹ́rìn-ín sí akọrin.

Akọrin dákẹ́. Ah Ma ń bọ̀ láàárín èrò, ó gbé kọfí dúdú dání nínú ife ọkọ rẹ̀. Ó dúró. Bala rí ojú gbogbo èèyàn, ó fò dìde.

"Kathir, jọ̀ọ́, sọ fún ìyá pé mi ò mọ̀," ló wí.

Ah Ma kọjú sí Kathir. "Ṣé o sọ fún un?"

Ibẹ̀ gan-an ni ọmọ yìí ti lè tún ọ̀rọ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n Faris ń wò ó, gbogbo ilé ń wò ó. Ó ní, "Mo sọ fún un, Ah Ma. Ó ní òkú kì í jókòó sórí àga."

Ah Ma gbé ife sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó wọlé lọ. Bala bi Kathir pé kí ló sọ fún ìyá. Kathir ní òun bá a bẹ̀ ẹ́ ni.

Lọ́jọ́ kejì, Ah Ma ní òun ò lè fún Bala ní yàrá mọ́. Bala ní ẹnikẹ́ni ò sọ nǹkan kan fún òun, ṣùgbọ́n Kathir takú, bàbá Kathir sì gba ọmọ tirẹ̀ gbọ́. Wọ́n wá ibòmíràn títí, wọn ò rí. Kí oṣù náà tó parí, Bala ti padà sọ́dọ̀ ìyá tí kò ní ilẹ̀ mọ́.

Kathir ò yé ronú irọ́ tó pa. Nígbà tí ara rẹ̀ ò gbà á mọ́, ó lọ jẹ́wọ́ fún Ah Ma lẹ́nu ọ̀nà. Ah Ma ò ṣí irin ẹnu ọ̀nà fún un.

"Àlejò tí ò mọ̀, ǹ bá ti dárí jì í kí kọfí yẹn tó tutù," ló wí. "Ìwọ mọ̀."

Ó ní kí wọ́n pe Bala padà, ṣùgbọ́n ilé-ìwé ti fi ẹlòmíràn sí àyè rẹ̀. Ó wá ní òun fẹ́ bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Kathir ní òun á túmọ̀. Èmi tí mò ń gbé òdìkejì ni Ah Ma ránṣẹ́ sí, nítorí mo gbọ́ Tamil, èmi àti òun sì jọ gbọ́ Malay. Kathir dúró síta, ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí à ń sọ.

Ah Ma sọ fún Bala pé àga ọkọ òun tó ti kú ló jókòó sí, ó sì bẹ̀ ẹ́. Bala ní kò sí nǹkan kan. Ó wá béèrè pé, "Ṣé bàbá padà rí àga wọn jókòó sí?"

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Ah Ma. Ó bú sẹ́kún.

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tí kò gbọ́ èdè ìlú, ẹnu yín ló fi ń sọ̀rọ̀. Tí ẹ bá fi ẹnu náà purọ́ mọ́ ọn torí kí ọ̀rẹ́ lè rẹ́rìn-ín, ẹ lè jẹ́wọ́ lọ́la, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lè má padà mọ́. Faris ti ní àwọn ọ̀rẹ́ mìíràn. Ilé tiwọn ni Kathir ti ń jẹun báyìí, òun nìkan, títí àwọn òbí rẹ̀ á fi dé.