Téèpù Tí Ìyá Ẹja Gé

Àárọ̀ Sátidé ni. Bàbá aránṣọ ń kọrin ní balùwẹ̀ bí ìṣe rẹ̀, ohùn rẹ̀ ń mi òrùlé àdúgbò mẹ́ta. Ọmọbìnrin rẹ̀, tó ń pè ní Ìyá Ẹja, jókòó ní ṣọ́ọ̀bù, ó di sísọ́ọ̀sì mú lọ́wọ́ kan, ó di téèpù bàbá rẹ̀ mú lọ́wọ́ kejì.

Téèpù yìí ni bàbá máa ń gbé kọ́rùn nígbà tó ń fi kẹ̀kẹ́ gbé ọmọ yìí lọ sódò ní kékeré. Láyé ìgbà yẹn, ẹja sanra débi pé bí ọ̀kan bá sín, ìdajì odò á dà sórí koríko! Bí ọmọ bá ti fi ìwọ̀ fa ẹja jáde, bàbá á tẹ́ ẹ sílẹ̀, á wọ̀n ọ́n. "Íǹṣì mẹ́sàn-án. Kò lé, kò dín." Èyí tó bá kéré, á dá a padà sómi, àwọn méjèèjì á sì máa rẹ́rìn-ín délé.

Ṣùgbọ́n Ìyá Ẹja ti pé ọmọ ogún ọdún báyìí. Ó fẹ́ kí ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ìwọ̀ di onígbọ̀wọ́ òun, ẹja íǹṣì mẹ́rìnlá tó pa sì tì í lójú. Ó gé íǹṣì mẹ́fà kúrò níwájú téèpù, ó rán irin ẹnu rẹ̀ padà dáadáa, ọmọ aránṣọ kúkú ni. Ẹja di ogún íǹṣì. Ó ya fọ́tò ẹja àti téèpù pọ̀, ó fi ránṣẹ́ sí wọn.

Lọ́sẹ̀ kejì, obìnrin kan dé láti ilé iṣẹ́ náà. Inú bàbá dùn débi pé ó fò, orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ lu òṣùpá. Ibẹ̀ ni tíṣà kan já wọlé, ṣòkòtò tuntun rẹ̀ kò kọjá agbedeméjì ojúgun.

"Bàbá aránṣọ, ṣé odò lẹ ní kí n lọ là ni? Ogójì íǹṣì lẹ wọ̀n lóṣù tó kọjá!"

"Ogójì náà ni mo gé, tíṣà!"

Obìnrin náà yọ téèpù tirẹ̀ jáde, ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti bàbá. Íǹṣì mẹ́fà ti kúrò níwájú ti bàbá.

"Ta ló gé e?" bàbá bèèrè.

Ìyá Ẹja kúnlẹ̀. "Èmi ni, bàbá mi. Ẹ jọ̀ọ́."

Obìnrin náà mí kanlẹ̀. "Ọmọ mi, mẹ́rìnlá ì bá tó wa. Ẹni tí àwọn oníbàárà wa lè gbà gbọ́ là ń wá. Sọ irú ìwọ̀ tó o lò, sọ ohun tó o fi dẹ ẹja, sọ ọjọ́ tó ò rí nǹkan kan pa pàápàá. Tó o bá ń kọ̀wé, sọ ohun tó o lè ṣe fún wa kó o tó bèèrè ohun tó o fẹ́ gbà. Ẹni tó bá sì ní kó o kọ́kọ́ sanwó kóun tó ràn ọ́ lọ́wọ́, sá fún un."

"Ẹ ṣì lè mú mi, mà?"

"Rárá."

Ṣòkòtò mẹ́fà tí téèpù yẹn ti bà jẹ́ ni Ìyá Ẹja tún rán lọ́fẹ̀ẹ́. Bàbá ra téèpù tuntun, kò bú ọmọ rẹ̀. Ó ṣì ń lọ sódò ní Sátidé, àmọ́ òun nìkan ló ń lọ báyìí. Ọmọ ń gbọ́ ìró kẹ̀kẹ́ bó ṣe ń jìnnà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń wá onígbọ̀wọ́, ẹ wọn ẹja yín bó ṣe rí gan-an. Bó bá kéré, ẹ sọ pé ó kéré, kẹ́ ẹ sì padà sódò.