Ọkùnrin Tó Mọ Oríkì Wa

Sátidé bíi Sátidé yòókù ni, ní Sábọ́n Gàrí, Zaria, nínú oṣù kejì ọdún 1959. Ọyẹ́ kò tíì kúrò nílẹ̀, eruku sì bo gbogbo nǹkan. Moses Oyèládé, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ti ṣí ìsọ̀ rẹ̀ nínú ọjà, níbi tó ti ń ta táyà àti ṣéènì kẹ̀kẹ́. Jemima, ìyàwó rẹ̀, jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ níwájú ilé, ó ń rán ṣòkòtò àwọn ọmọ iléèwé. Ìpàdéọlá, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ẹni ọdún mẹ́rìndínlógún, ń gbálẹ̀, ó sì ń sín málàm tó ń ta góòrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn jẹ. Bí ẹ bá dijú, ẹ ó búra pé málàm náà ló wọlé. Jemima rẹ́rìn-ín títí ó fi dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ní àdúgbò pé eré tíátà ni ọmọ yìí fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ ṣe. Ó ń sọ Hausa bí ọmọ Bírínì, ìlú àtijọ́ tó wà nínú odi, ó ń sọ Yorùbá bí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò kúrò nílé rí, Gẹ̀ẹ́sì iléèwé sì wà lẹ́nu rẹ̀. Nígbà Kérésìmesì tó kọjá, wọ́n ní kó ṣe opó arúgbó kan nínú eré ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn àgbà obìnrin sunkún. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ wá a wá sílé lọ́jọ́ kejì láti wá wò ó bóyá ara rẹ̀ yá.

Tíṣà rẹ̀, Hilda Fáníyì, kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kọ̀wé sí ẹgbẹ́ tíátà kan ní Ìbàdàn, wọ́n sì dáhùn. Wọ́n ní kí ọmọ náà kọ́kọ́ parí iléèwé lóṣù Kejìlá. Wọ́n ní kí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ mú un wá fúnra wọn, kí ẹni tó bá mú un wá sùn síbẹ̀ lọ́jọ́ mélòó kan, kó rí ibi tí àwọn ọmọbìnrin ń gbé. Wọ́n kọ orúkọ òpópónà àti nọ́ńbà ilé wọn, wọ́n sì kọ orúkọ pásítọ̀ tó mọ̀ wọ́n, pé kí Moses kọ̀wé sí i bó bá ń ṣiyèméjì.

Moses ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má ṣe rò pé ó kórìíra eré. Ó fẹ́ràn láti máa gbọ́ ọmọ rẹ̀. Ohun tó béèrè ni pé ará ibo ni wọ́n. Nígbà tí Tíṣà Hilda sọ fún un pé ọmọ Ẹ̀gbá ni olórí ẹgbẹ́ náà, ó mi orí, ó ní òun kò mọ ilé wọn, òun kò mọ bàbá wọn, ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ó ju lẹ́tà náà sínú páálí tí ó ń kó ìṣó sí.

Ọ̀sán Sátidé tí mo ń sọ yìí ni ọkùnrin kan dúró sí ẹnu ìsọ̀ rẹ̀. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, bàtà rẹ̀ ń dán láìka gbogbo eruku yẹn sí. Kò kí i bí àwọn èèyàn ṣe ń kíni. Oríkì ló bẹ̀rẹ̀ sí í ki Moses. Ó kì í láti orí bàbá bàbá rẹ̀, ó bọ́ sí orí bàbá rẹ̀, ó sì kan orúkọ tí ìyá rẹ̀ máa ń pè é.

Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí ìyá Moses ti kú. Láti ìgbà náà, àfi níbi ìnáwó tí wọ́n ti ń ki gbogbo ẹbí pọ̀, kò sẹ́ni tó dìídì kì í. Ní Zaria, Mai Keke ni wọ́n ń pè é, ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ lásán. Orí rẹ̀ wú. Omi bọ́ lójú rẹ̀ níwájú àwọn oníbàárà, kò sì tijú. Ó ti ìsọ̀ lọ́sàn-án gangan, ohun tí kò ṣe rí.

Ọkùnrin náà ní Gilbert Àdìgún ni òun ń jẹ́, pé Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti bí ìyá òun. Moses bi í pé ṣé ilé Olókè tó jẹ́ ilé àwọn ni, èyí tó kọjú sí kànga. Gilbert ní ibẹ̀ gan-an ni. Moses bi í pé ṣé wọ́n ti tún òrùlé ibẹ̀ ṣe. Gilbert ní wọ́n ti tún un ṣe. Ẹ ṣàkíyèsí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Moses ló dárúkọ ilé, Moses ló dárúkọ kànga, Moses ló rántí òrùlé. Iṣẹ́ Gilbert kò ju kó gbà.

Nígbà tí wọ́n délé, Gilbert jẹ túwó, ó ní kí Ìpàdéọlá ṣeré fún òun. Ó rẹ́rìn-ín, ó pàtẹ́wọ́, ó ní àrà ọ̀tọ̀ ni. Ó ṣàlàyé pé òun ló ń bá ẹgbẹ́ tíátà ńlá kan ní Ìbàdàn wá àwọn ọmọ tó gbọ́ Hausa, nítorí pé wọ́n fẹ́ máa ṣeré káàkiri ìhà Àríwá. Ó ní ọkọ̀ ojú irin ọjọ́ Ajé ni òun ń bá lọ, bí Ìpàdéọlá kò bá lọ, ọmọ kan ní Kánò ti ń dúró. Kò mú ìwé kankan jáde. Ẹnikẹ́ni kò sì béèrè rẹ̀.

Jemima nìkan ló béèrè nǹkan kan. Ó ní ṣé Bàbá Ìpàdé kò ní tẹ̀lé wọn lọ ni.

"Màmá," ni Gilbert wí, "ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ fi ẹ̀ṣọ́ tẹ̀ lé ọmọ tó ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ ni?"

Moses rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Jemima ní kí àwọn sọ fún Tíṣà Hilda, ó dá a lóhùn pé ọ̀rọ̀ ẹbí ni, kò kan tíṣà.

Lọ́jọ́ Ajé, Moses àti Jemima sìn wọ́n dé ibùdókọ̀ ojú irin. Ìpàdéọlá wọ bàtà tuntun. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò lè dúró lójú kan. Bí ọkọ̀ ṣe ń lọ, ó yọ orí lójú fèrèsé, ó ń juwọ́ títí ojú kò fi tó o mọ́. Moses dúró níbẹ̀, ó ń sọ fún àwọn alágbàárù pé ọmọ òun ń lọ ṣe tíátà.

Ní Kàdúná, Gilbert ní kí àwọn sọ̀ kalẹ̀, kí àwọn wọ ọkọ̀ mìíràn, pé Kafanchan ni ẹgbẹ́ náà ti máa kọ́kọ́ ṣeré. Ẹ̀gbọ́n ló ń pè é. Ó tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ó mú un lọ sí ilé oúnjẹ kan lẹ́yìn ibùdókọ̀, ó bá obìnrin tó ni ín sọ̀rọ̀ nínú yàrá, ó gba owó tó fẹ́ gbà, ó ní òun ń bọ̀. Kò padà wá. Obìnrin náà ti àpótí aṣọ ọmọ náà mọ́ inú yàrá rẹ̀, ó sì fi abọ́ tó dọ̀tí hàn án. Ó ní bàbá rẹ̀ ló fi í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ fún ọdún mẹ́ta, ó mọ̀ sí i, ó sì fọwọ́ sí i.

Ìpàdéọlá fọ abọ́. Ó ń fọ̀ ọ́ láti ìdájí títí di ìgbà tí ọkọ̀ ìkẹyìn bá ti lọ. Ó kọ lẹ́tà mẹ́ta sílé, obìnrin náà gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀ pé òun yóò fi wọ́n ránṣẹ́. Kò rí èsì. Nígbà tó lo oṣù mẹ́ta níbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbà pé òótọ́ ni wọ́n sọ nípa bàbá òun. Lẹ́yìn ìyẹn, kò kọ lẹ́tà mọ́.

Ní Zaria, lẹ́tà ń dé o. Gilbert ló ń kọ ọ́. Ìpàdéọlá ń ṣe dáadáa, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, iṣẹ́ ni kò jẹ́ kó ráyè kọ̀wé fúnra rẹ̀. Moses ń kà á sókè nínú ọjà, ohun tó sì sọ fún Tíṣà Hilda kò ju pé ọmọ ti bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Jemima kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó rò ó pé bóyá ọkọ òun ń fo ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ àìsàn. Nínú oṣù kẹsàn-án, ó kó lẹ́tà mẹ́ta tí Gilbert ti kọ lọ bá Tíṣà Hilda, pé kó bá òun tún un kà.

Tíṣà kò tíì ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ tó fi yí àpò lẹ́tà náà wò.

"Ìyá Ìpàdé, ibo ni wọ́n ní ọmọ wà?"

"Ìbàdàn ni, Tíṣà."

"Òǹtẹ̀ pósọ́fíìsì tó wà lórí sítáǹbù yìí kì í ṣe ti Ìbàdàn. Kafanchan ni wọ́n ti fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́. Àwọn méjì yòókù náà, ibẹ̀ ni."

Jemima béèrè bí Kafanchan ṣe jìnnà tó. Tíṣà ní béèyàn bá wọ ọkọ̀ ojú irin láàárọ̀, ilẹ̀ kò ní mọ́ ọn lójú ọ̀nà. Jemima dúpẹ́. Ó padà sílé, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó sì rán ṣòkòtò tó wà lórí rẹ̀ parí kó tó dìde lọ sọ fún ọkọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi í lẹ́yìn náà pé kí ló dé, ó ní òun kò mọ ohun mìíràn tí òun lè fi ọwọ́ òun ṣe.

Sájẹ́ńtì Oyèníyì, ọlọ́pàá kan ní Zaria, bá Moses lọ sí Kafanchan. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè káàkiri ẹ̀yìn ibùdókọ̀, wọ́n wọ ilé oúnjẹ kan, wọ́n wọ ìkejì. Nínú ìkẹta, ọmọbìnrin kan jáde láti ẹ̀yìn, ọwọ́ rẹ̀ rin gbingbin, awọ ìka rẹ̀ ti bó nítorí ọṣẹ. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Kí ni ẹ ó jẹ?"

Moses pe orúkọ rẹ̀. Ọmọ náà kò dìde.

"Mo ti rí i pé ẹ̀yin ni," ló wí. "Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ fi mí síbí."

Moses jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Sájẹ́ńtì ló lọ wá àpótí aṣọ ọmọ náà. Nínú ọkọ̀ nígbà tí wọ́n ń padà, bàbá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, kò parí ọ̀kankan.

Ọwọ́ tẹ Gilbert ní Jọ́ọ̀sì ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà. Wọ́n bá ìwé ọmọ iléèwé kan nínú ẹrù rẹ̀. Oríkì ìdílé mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìlú tí olúkúlùkù ti wá, àti orúkọ ọmọbìnrin tó wà nílé wọn. Sájẹ́ńtì Oyèníyì ka ti ìdílé Oyèládé sókè ní tésàn, kí Moses lè jẹ́rìí pé tirẹ̀ ni. Ó kà á bí ẹni ń ka orúkọ ọjà. Lábẹ́ rẹ̀, Gilbert ti kọ ibi tó ti gbọ́ ọ sílẹ̀: ìsọmọlórúkọ kan ní Sábọ́n Gàrí, oṣù kìíní. Moses rántí ọjọ́ náà. Àǹtí rẹ̀ àgbà ló ń ki ọmọ tuntun, ó sì ki gbogbo ẹbí tó wà níjokòó, ó tilẹ̀ pe Moses ní orúkọ tí ìyá rẹ̀ máa ń pè é, wọ́n sì ń gbé oúnjẹ fún ẹnikẹ́ni tó bá jókòó. Moses ní òun mọ̀ ọ́n, ó fọwọ́ sí ìwé, ó lọ sílé.

Adájọ́ rán Gilbert àti obìnrin olóúnjẹ náà lọ sẹ́wọ̀n. Àwọn èèyàn ní a dúpẹ́, pé ọmọ padà láàyè. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti lọ síwájú níléèwé. Málàm góòrò kí i ní ẹnu ọ̀nà, ó dáhùn, ó kọjá. Tíṣà Hilda tún kọ̀wé sí ẹgbẹ́ Ìbàdàn, wọ́n sì ní ilẹ̀kùn ṣì ṣí sílẹ̀. Ìpàdéọlá ka lẹ́tà náà, ó ká a dáadáa, ó dá a padà.

"Ẹ ṣeun, mà. Ohùn àwọn èèyàn kì í wá sí mi lẹ́nu mọ́."

Kò sunkún nígbà tó sọ ọ́. Tíṣà ló sunkún.

Nígbà tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ṣe ìpàdé lóṣù Kọkànlá, Moses dìde, ó sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ìkankan bò. Ó ní ẹni tó fi àdírẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ sí òun, òun kò gbà á gbọ́. Ẹni tí kò mú nǹkan kan wá, òun gbé ọmọ fún un. Àgbàlagbà kan bínú, ó ní ṣé Moses ń sọ pé oríkì kò níyì mọ́ ni.

"Ó níyì, bàbá," ni Moses wí. "Oríkì tó kì mí sọ ẹni tí mo jẹ́. Kò sọ ẹni tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́. Èmi ni mi ò béèrè."

Kí ìpàdé tó tú ká, akọ̀wé ka orúkọ ìdílé márùn-ún yòókù tó wà nínú ìwé Gilbert. Méjì nínú wọn wà níjokòó. Ọ̀kan nínú àwọn méjì náà ti ń di ẹrù ọmọ rẹ̀ kí ọwọ́ tó tẹ Gilbert.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń ka ìwé yìí, bí ọmọ yín bá ní ẹ̀bùn eré, ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́ rì, ẹ má sì gbé e fún ẹni tó bá kọ́kọ́ mú inú yín dùn. Ẹgbẹ́ tó bá jẹ́ òótọ́ yóò ní ilé tí ẹ lè dé, yóò sì ní kí ẹ wá. Ẹni tó bá ń kánjú, tí kò fẹ́ kí ẹ tẹ̀ lé ọmọ, tó jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu, ẹ dá a dúró. Ẹ kọ̀wé sílé, kí àwọn ará ilé sọ bóyá wọ́n mọ̀ ọ́n. Bí lẹ́tà bá dé lọ́dọ̀ ọmọ, ẹ wo òǹtẹ̀ rẹ̀, ẹ wo bóyá ọwọ́ ọmọ ló kọ ọ́. Bí ara bá fu yín, ẹ lọ sí tésàn lọ́jọ́ náà. Abèèrè kì í ṣìnà.

Bí àlejò bá sì ki yín tí orí yín wú, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ bu omi fún un mu, ẹ fún un lóúnjẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í pé: ìwọ ńkọ́, ọmọ ta ni ọ́? Kí ẹ tó rí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n tó dáhùn ìbéèrè yẹn, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín wà nínú ilé.