Òkú Tó Ta Ilé ní Bàrígà

Ibojì ni Sàwúdátù kọ́kọ́ rí. Kò rí àwọn fèrèsé tí Japhet ti ń ròyìn fún un láti ọjọ́ yìí, kò rí ọ̀sà tó ń dán yinrin lẹ́yìn ilé. Ibojì ló rí, láàárín àgbàlá gan-an, tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́. Ẹnì kan ti fi ìka kọ ọ̀rọ̀ sórí sìmẹ́ńtì náà kó tó gbẹ: Adéjìmí sùn síhìn-ín, oṣù Kejì, 1955.

Kọ́kọ́rọ́ bọ́ lọ́wọ́ Japhet.

"Japhet," Sàwúdátù ní, "oṣù wo la ra ilé lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn?"

"Oṣù Kẹfà ọdún 1955 yìí kan náà."

Afẹ́fẹ́ ọ̀sà ń mi imọ̀ àgbọn jẹ́jẹ́. Adéjìmí yìí kan náà ló jókòó níwájú wọn ní Ṣómólú, tó mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò, tó gba owó ilé pé, tó tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn, tó sì ń bá a ṣàwàdà pé, "Ìyàwó wa, ìbejì lẹ ó fi ṣílé yìí o." Ọwọ́ tó fi bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà tutù rinrin. Sàwúdátù ti rò pé ìgò ọtí ló mú un tutù.

Ọkùnrin kan jáde láti inú ilé, ó wọ dúdú láti orí dé ẹsẹ̀. Babájídé ni, àbúrò Adéjìmí.

"Ta lẹ ń wá?"

"Ilé wa la wá gbà," Japhet ní.

"Ilé ta? Ilé tí mo sin ẹ̀gbọ́n mi sí?" Ó gba ìwé àdéhùn, ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín ẹlẹ́yà. "Òkú ló tọwọ́ bọ èyí fún yín lóṣù Kẹfà? Ọ̀gbẹ́ni, ẹ̀wọ̀n lò ń wá o. Ẹ jáde!"

Ọmọ Ìlàjẹ ni Japhet, ọkọ̀ ojú omi ló ń kàn létí ọ̀sà. Ọmọ akọ̀wé ìjọba láti Ìsàlẹ̀ Èkó ni Sàwúdátù. Ìfẹ́ àwọn méjèèjì kò ṣeé bò mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá jọ ń bọ̀ lọ́nà Ṣómólú, àwọn àgbà á máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Ṣùgbọ́n bàbá Sàwúdátù ti fàáké kọ́rí: "Ọmọ mi kò ní í sun ahéré apẹja. Ní ilé tìrẹ, kí o wá gbé e." Gbogbo ohun tí Japhet ní láyé ló kó lé ilé yìí. Bí ilé bá lọ, ìyàwó lọ, ẹ̀wọ̀n ayédèrú ìwé sì tún ń dúró dè é lẹ́yìn.

Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tí wọ́n ní ni akọ̀wé tó bá wọn kọ ìwé àdéhùn. Bó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ibojì báyìí, ó di ẹrù rẹ̀.

"Èmi? Kí n jókòó ti òkú, kí n tún lọ sọ ọ́ ní kóòtù? Ẹ má dárúkọ mi mọ́ o." Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ó ti gba Abẹ́òkúta lọ.

Wọ́n gba lọ́yà, wọ́n pẹjọ́. Lọ́yà wọn dìde, ó ní kí kóòtù pàṣẹ fún ẹbí Adéjìmí láti mú àdéhùn ṣẹ, kí wọ́n tọwọ́ bọ ìwé ilé fún Japhet, torí pé owó ti pé lọ́wọ́ wọn. Babájídé búra, ó ní oṣù Kejì ni òun sin ẹ̀gbọ́n òun. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n mú ìyá Adéjìmí wá, arúgbó tó wọ aṣọ ọ̀fọ̀. Ohun tí Babájídé sọ fún ìyá náà ló mọ̀, pé wọ́n ti sin ọmọ rẹ̀ kí ìròyìn tó kàn án lóko. Ẹkún tó sun ní kóòtù mú kí akọ̀wé adájọ́ pàápàá máa nu ojú.

"Lọ́yà," adájọ́ ní, "ta ni kí n pàṣẹ fún? Òkú?"

Lọ́yà padà jókòó.

"Mo sún ẹjọ́ síwájú. Bí ẹ kò bá rí ẹlẹ́rìí mú wá, ayédèrú ni màá ka ìwé yìí sí. Ẹni tó mú un wá á sì lọ ṣàlàyé ara rẹ̀ fún ọlọ́pàá."

Láti ọjọ́ náà ni Japhet kò ti lè jẹun mọ́. "Sàwú mi," ó ní, "bóyá àkúdàáyà ló ta ilé fún wa." Ta ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀? Ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé tí ikú mú lọ, a máa lọ fara hàn níbòmíràn, a máa jẹ, a máa mu, a máa ṣòwò. Ẹni tó bá rí i, tó sì lọ sọ ọ́ kiri, ó ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ ni. Ìdí nìyí tí gbogbo Bàrígà fi panu mọ́.

Àfi ọjọ́ tí Àǹtí Sabina, àbúrò bàbá Japhet tó ń ta ẹja gbígbẹ, sáré wọlé tọ Sàwúdátù wá.

"Mo rí i! Ọkùnrin tó máa ń wá bá Japhet nídìí iṣẹ́ nítorí ilé. Ó ra ẹja lọ́wọ́ mi létí omi, ó tilẹ̀ ń ná an! Ìgbà tó lọ tán ni mo rántí pé ó ti kú. Mo sọ owó náà sọ́sà."

"Àǹtí, òkú ń ná ẹja?"

"Ìwọ ọmọ Èkó yìí, má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mi ò sì ní í dé kóòtù kankan o!"

Bí oòrùn bá ti ń rẹlẹ̀, Sàwúdátù á ti wà létí omi, á fi ìbòrí bo ojú. Ọjọ́ kan ni kùrukùru bo ọ̀sà, ó sì rí i: aṣọ funfun, fìlà tó wọlé dé ojú, tó ń rìn láàárín àwọn agbọ̀n ẹja bí ẹni tí ilẹ̀ kò gbà.

"Adéjìmí!"

Àwọn ẹlẹ́ja gbọ́ orúkọ òkú. Wọ́n túká yán-án-yán-án, agbọ̀n dojú dé. Ọkùnrin náà wo Sàwúdátù, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó wọ ọkọ̀, kùrukùru sì gbé e mì. Sàwúdátù sunkún délé. Ṣùgbọ́n bó bá rántí Japhet lẹ́yìn irin ẹ̀wọ̀n, ẹ̀rù a tún di ìbínú.

Ó padà lọ. Lọ́tẹ̀ yìí kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Ó tẹ̀ lé aṣọ funfun náà títí dé ahéré kan tí wọ́n ń kó pákó sí. Kí ó tó mọ̀, ọkùnrin náà ti yíjú padà.

"Sàwúdátù." Ohùn rẹ̀ ń jáde láti imú. "Ta ló rán alààyè tẹ̀ lé òkú? Padà. Bí o bá dárúkọ mi lẹ́ẹ̀kan sí i, èmi pẹ̀lú rẹ la ó jọ sùn nínú..."

Pàá! Ọkùnrin náà gbá ara rẹ̀ lọ́rùn.

Sàwúdátù wo àtẹ́lẹwọ́ ọkùnrin náà. Ẹ̀fọn kan ti fọ́ sí i. Ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, pupa fòò.

"Ẹ̀gbọ́n Adéjìmí," ó ní, ẹ̀rín ń gbọ̀n lọ́nà ọ̀fun rẹ̀, "ṣé ẹ̀fọn ọ̀run náà ń mu ẹ̀jẹ̀ ni?"

Ohùn imú parẹ́. Ọkùnrin náà fò mọ́ ọn, ó fún un lọ́rùn. "Pariwo, kí n sọ ọ́ di òkú gidi!" Ọwọ́ rẹ̀ gbóná janjan. Sàwúdátù gé e jẹ lọ́wọ́ títí ọwọ́ fi tú, ó sì figbe bọnu: "Japhet o! Ẹ gbà mí! Ẹ̀jẹ̀ ń bẹ lára rẹ̀!"

Japhet gbọ́ igbe náà láti ibi tó ti ń kan ọkọ̀. Àwọn apẹja dì í mú, Àǹtí Sabina ń ké pé, "Má fọwọ́ kan òkú!" Japhet gan-an gbà pé òkú ni. Síbẹ̀ ó já ara rẹ̀ gbà, ó wá. Adéjìmí ti bọ́ sínú ọkọ̀, ó ti ń wà á lọ; Japhet bẹ́ sómi, ó lúwẹ̀ẹ́ bá a, ó dojú ọkọ̀ dé. Nígbà tó wọ́ ọ dé èbúté, Adéjìmí ń wúkọ́, ó ń pọ omi ọ̀sà.

Ní tẹ́ṣàn, sájẹ́ǹtì fa àga.

"Orúkọ?"

Adéjìmí tẹjú mọ́lẹ̀.

"Mo ní kí lorúkọ rẹ!"

"Adéjìmí, sà."

"Ìgbà wo lo kú?"

Ọlọ́pàá tó wà lẹ́nu ọ̀nà bú sẹ́rìn-ín. Adéjìmí sorí kọ́, ó sì tú gbogbo rẹ̀ síta. Ẹni mẹ́ta ni òun ta ilé náà fún. Babájídé ló ní kí òun ṣe bí òkú, kí wọ́n sì kọ oṣù Kejì sórí ibojì, kó lè jọ pé òun ti kú kí òun tó ta ilé. Àwọn méjì yòókù rí ibojì, wọ́n sá, wọn kò bẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Japhet nìkan ló lọ sí kóòtù. Wọ́n gbé Babájídé lọ́jọ́ náà, wọ́n sì fọ́ ibojì níṣojú rẹ̀. Yanrìn àti ìkarahun ló kún inú rẹ̀.

Nígbà tí ẹjọ́ tún pé, adájọ́ wo Adéjìmí pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́. "Lọ́yà, mo ti rí ẹni tí màá pàṣẹ fún. Tọwọ́ bọ ìwé ilé fún ọkùnrin yìí, kí wọ́n tó mú ọ lọ."

Adéjìmí tọwọ́ bọ̀ ọ́. Wọ́n ní kí ìyá rẹ̀ wá wo ọmọ rẹ̀. Arúgbó náà wò ó títí.

"Mo ti sunkún ọmọ mi tán," ó ní. "Èyí, n kò mọ̀ ọ́n."

"Ìyá mi! Ìyá mi o!"

Ìyá náà ń jáde lọ, kò wẹ̀yìn.

Níta, bàbá Sàwúdátù fọwọ́ lé Japhet léjìká. "Ẹni tó bá òkú jà nítorí ọmọ mi, kí ni mo tún fẹ́ fi ilé ṣe?" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Sàwúdátù kò lè rẹ́rìn-ín. Ohùn "Ìyá mi o" yẹn ṣì ń dún létí rẹ̀ títí tí òun àti Japhet fi dé ẹnu ọ̀nà ilé wọn ní Bàrígà, tí oòrùn ń wọ̀ sínú ọ̀sà. Japhet na ọwọ́ sí i pé kó wọlé.

"Dúró ná."

Ó fi etí lé e láyà, lórí bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Àyà náà gbóná, ọkàn sì ń lù nínú rẹ̀, kì, kì, kì, bí ẹni tó ń sáré bọ̀ wá bá a.

"Kí lò ń gbọ́?" Japhet bi í.

"Ìwọ ni," Sàwúdátù dáhùn, ó sì wọlé.