Oṣù Tó Dára Jù Lórí Odò Náílì

Búrẹ́dì ni Láídé gbé wá sí ọ́fíìsì wa ní Ìkẹjà, níbi tí a ti ń bá àwọn èèyàn ṣètò ìrìn-àjò. Oṣù kẹta ni, ooru mú gan-an, síbẹ̀ súwẹ́tà ló wọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, bọ̀dá, ẹ pa ẹ̀rọ amúlétutù yín. Àbí òkú lẹ̀ ń tọ́jú síbí ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo pa á. Ó tẹjú mọ́ àwòrán ọkọ̀ ojú omi tó wà lára ògiri.

"Odò Náílì nìyẹn, ní Íjíbítì," mo wí. "Ọjọ́ mẹ́rin lórí omi."

"Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mi, ibẹ̀ lẹ máa mú mi lọ." Ó bá tirẹ̀ lọ sí ilé búrẹ́dì wọn ní Agége.

Ìfẹ́ rẹ̀ wọ̀ mí lára. Kí n tó mú un lọ han Màámi, ó di ọwọ́ mi mú.

"Olólùfẹ́ mi, àìsàn ẹ̀jẹ̀, fòníkú-fọ̀ladìde, ló ń bá mi jà. Òtútù ni ọ̀tá mi. Má sọ fún màmá ẹ títí a ó fi ṣègbéyàwó."

Mo búra. Àìsàn yẹn ló pa àwọn ẹ̀gbọ́n mi méjì. Mo rò pé Màámi ò ní gbà á sílé láéláé.

Màámi fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn ló ní àwọn á sanwó ìrìn-àjò wa sórí Náílì lẹ́yìn ìgbéyàwó. Nídìí oúnjẹ, lójú gbogbo ẹbí, wọ́n bi mí pé, "Gbénró, oṣù wo ló dára jù?"

Láídé yára dáhùn: "Oṣù keje, Mà."

Màámi ní, "Oṣù keje kẹ̀! Ooru tó ń jó ràkúnmí lẹ́sẹ̀! Ìyàwó, ṣé iná ààrò búrẹ́dì yín ò tíì tó ọ ni?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Láídé wò mí. Ẹ̀rù bà mí pé tí mo bá gbè é, Màámi á bi mí nídìí.

"Oṣù kìíní ni, Mà," mo wí. "Ara máa ń tuni nígbà yẹn."

Nígbà tá à ń lọ sílé, ó fọwọ́ pa mí lórí. "Kò burú, ọkọ mi. Màá wọ súwẹ́tà méjì."

A ṣègbéyàwó, a sì lọ lóṣù kìíní. Ní ìdájí ọjọ́ kẹta lórí odò, afẹ́fẹ́ mú bí abẹ. Egungun bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Èbúté ṣì jìnnà. Mo da gbogbo aṣọ wa bò ó.

"Gbénró, pa ẹ̀rọ amúlétutù yẹn."

Kò sí ẹ̀rọ kankan tó ń ṣiṣẹ́. Kí oòrùn tó là, ó ti lọ.

Màámi dì mọ́ mi ní pápákọ̀ òfurufú. "Kí ló pa á, ọmọ mi?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀.

Wọ́n gba súwẹ́tà rẹ̀ lọ́wọ́ mi, wọ́n sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Èmi tí òtútù gba ọmọ méjì lọ́wọ́ mi," ni wọ́n wí. "Ká ní mo mọ̀ ni, èmi fúnra mi ni ǹ bá ní kẹ́ ẹ lọ lóṣù keje. O mọ̀, Gbénró. O sì jẹ́ kí n fi í ṣe yẹ̀yẹ́."